Ṣàkì ni mo lọ jẹ nílé wáìnì àwọn ará Ítálì

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ Ẹtì.

Àbúrò mi obìnrin ló ṣọjọ́ ìbí. Ó ní ìrẹsì àti adìyẹ ti sú òun, ilé wáìnì àwọn ará Ítálì kan lẹ́yìn Rye Lane lòun fẹ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Peckham, ní London níbí, á mọ irú ibẹ̀: alápatà ń fi ayùn gé ẹsẹ̀ màlúù lápá kan, àbẹ́là ń jó lórí tábìlì lápá kejì. Orúkọ ilé náà kéré lára ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń sá fún olówó èlé.

Ara pátákó dúdú ni wọ́n kọ gbogbo nǹkan sí. Mo rí “orange” níbi tí wọ́n kọ wáìnì sí, mo ní kí wọ́n gbé e wá, ṣebí ọsàn á dùn. Gíláàsì kékeré ló dé, omi inú ẹ̀ pọ́n bí àgbo. Mo mu ún, ó kan, ó sì ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ obì. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa ní kò sóhun tó kan ọsàn níbẹ̀. Èso àjàrà funfun ni, wọ́n kàn jẹ́ kí èèpo ẹ̀ pẹ́ nínú omi ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́, mo rọra tì í síwájú àbúrò mi.

Ìgbéraga ò wá jẹ́ kí n béèrè ohun tí “trippa alla romana” jẹ́. Mo nàka sí i. Nígbà tí àwo dé, mo tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀yin èèyàn, ṣàkì ni! Ṣàkì alára, èyí tó rí bí afárá oyin, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ nínú ọbẹ̀ tòmátò, tí wọ́n fi wàrà àgùntàn líle tí wọ́n rin wọ́n lórí bí gàrí. Ewé míǹtì tún wà níbẹ̀. Ó rọ̀ dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ ata ńkọ́? Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá! Wọ́n tún lé 12.5% lé e fún ẹni tó gbé e wá.

Ìyá Ìbejì, Róòmù:

Àbúrò mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ lo ṣì. Níbí, Ọjọ́bọ̀ ni gnocchi, òkèlè kéékèèké tí wọ́n ń fi pòtétò ṣe, ọjọ́ Ẹtì ni ẹja, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ṣàkì. Àdúgbò Testaccio ni ilé ìpẹran Róòmù wà títí di 1975. Ìdá mẹ́rin tó dára lára màlúù, tolówó ni. Ṣàkì, ìfun, ìrù àti orí ni wọ́n ń pè ní quinto quarto, ìdá karùn-ún, òun ni wọ́n sì máa ń fi kún owó iṣẹ́ àwọn tó ń bó awọ, àwọn vaccinari. Orúkọ wọn ni ìrù màlúù tí wọ́n ń pè ní coda alla vaccinara ń jẹ́ dòní. Wọ́n ti sọ ilé ìpẹran yẹn di ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà báyìí o, àwọn ọmọ olówó ló ń fi ṣàkì mu wáìnì níbẹ̀.

Arìnrìn-àjò:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Tèmi, Venice ni. Ìdúró ni wọ́n ti ń mutí nínú bacaro wọn, ìyẹn ilé ọtí kékeré, gíláàsì kékeré kan ni ombra, ìyẹn òjìji. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, nǹkan funfun wà lórí ẹ̀, wọ́n ní baccalà mantecato. Mo gbóòórùn ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n! Pánlá gbígbẹ láti Norway, èyí táwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, ni wọ́n sè tí wọ́n fi òróró lù títí ó fi dà bíi fùfú. Mo jẹ mẹ́fà. Ẹ̀fọ́ ni mo kàn ń wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé o. Sátidé tí ẹ wí, mo ra ṣàkì lọ́wọ́ alápatà, mo sè é bíi tiwọn, tewé tewé. Màmá mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé síbí sílẹ̀.

“Ta ló da Maclean sí ọbẹ̀ yìí?”