Dọ́ńpà mi ń tẹ̀ sápá kan látìgbà tí wọ́n ti ṣe ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Láńre Dọ́ńpà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, oorun ò sì kùn mí mọ́. Dọ́ńpà méjì ni mo ní, ọkọ̀ ńlá tó ń ru òkúta ní kúárì, Caterpillar 773 ni méjèèjì, tòkunbọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi àti owó tí mo yá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo fi rà wọ́n. Kúárì òkúta kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni mo fi wọ́n háyà fún. Ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ sọ mí di onígbèsè.

Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń jo epo. Mẹkáníìkì tú u, ó ní sílì, rọ́bà tó ń dí epo mọ́ inú rẹ̀, ló bàjẹ́. Ó gba owó sílì, ó gba owó epo, ó gba owó gáàsì, ó tún gba owó iṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ jáde, ó tẹ̀ sápá òsì. Mo pè é padà, ó tún gbá gáàsì sí i, ọkọ̀ wá ga jù, bó bá kan kòtò, ńṣe ló ń ju awakọ̀ sókè. Ó tún ti ń wálẹ̀ báyìí. Táyà iwájú òsì ti ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sì mọ iye tí táyà dọ́ńpà ń jẹ́ lásìkò yìí.

Awakọ̀ mi ní ọrùn ń dun òun, ó ní òun máa lọ síbòmíràn. Àbúrò ìyàwó mi ni o! Èmi ni mo kọ́ ọ ní dọ́ńpà wíwà, èmi ni mo gba yàrá tó ń gbé fún un. Máníjà kúárì náà ń yọ lára owó mi, ó ní tíríìpù kò pé. Mẹkáníìkì ńkọ́? Bí mo bá pè é, á ní òun wà lóde ìsìnkú. Ẹni tí mo fún lówó ilé ìwòsàn nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn!

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n ra ṣọ́ọ̀kì tuntun ni, àbí tòkunbọ̀, àbí kí n mú ẹjọ́ mẹkáníìkì yìí lọ bá ẹgbẹ́ wọn? Ẹ má bú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Tẹ́ní
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ojú wa rí nìyẹn nígbà tí baálé mi ní típà. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ló ṣẹ́, mẹkáníìkì gba owó tuntun lọ́wọ́ wa, ó lọ fi èyí tí wẹ́dà jó pọ̀ sí i. Kò pé oṣù kan tó tún ṣẹ́, pẹ̀lú iyanrìn lẹ́yìn ọkọ̀, lórí gegele. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Ẹ mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́. Alága wọn ní ọ̀dọ̀ wa jẹ́ kó san ìdajì owó padà.

Mẹkáníìkì Ṣágámù
Ẹ̀gbọ́n Láńre, ẹ ti sọ ti awakọ̀, ẹ ti sọ ti máníjà, ẹ ò tíì sọ ohun tí a fẹ́ gbọ́. Nígbà tó ń gbá gáàsì, ṣé ọkọ̀ ṣófo ni àbí ẹrù wà lórí rẹ̀? Ṣé orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni? Ó ṣe méjèèjì ni àbí òsì nìkan? Ó fi tépù wọn gíga rẹ̀? Irú epo wo ló lò? Láìsí ìwọ̀nyí, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín bóyá ṣọ́ọ̀kì ló bàjẹ́ tàbí iṣẹ́ ni kò dára.

Láńre Dọ́ńpà
Òsì nìkan ló jò, kí ló tún fẹ́ ṣe lára ọ̀tún? Ọkọ̀ ṣófo. Kò fi tépù wọn nǹkan kan, ó ní ojú òun ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ẹ má rò pé ẹni tí kò mọ nǹkan ni mo gbé ọkọ̀ fún. Ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ dáa. Ẹnì kan ní ọ̀kan fún mi ní Èkó, ó ní kí n tètè wá kó o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Tarkwa
Ẹ kú ìrọ́jú, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe ní Tarkwa ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀kì dọ́ńpà kì í ṣe irú ti mọ́tò kékeré. Epo àti náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Gáàsì ṣeé tẹ̀ há mọ́ra kó kéré sí i, òun ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Epo kò ṣeé tẹ̀ há bẹ́ẹ̀, ihò tóóró ló ń gbà kọjá, òun ló ń dá fífò ọkọ̀ dúró. Ìdí rèé tí ìwọ̀n epo fi ṣe pàtàkì ju gáàsì lọ. Bí epo bá kéré tí wọ́n wá fi gáàsì gbé ọkọ̀ sókè, lófìfo ojú á gbà á, ṣùgbọ́n bí òkúta bíi tọ́ọ̀nù 50 bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, á rì wọlẹ̀. Bí epo bá sì pọ̀ jù, gáàsì ò ní láyè, ọkọ̀ á le gbagidi, férémù á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Lára 773 yín, ṣọ́ọ̀kì iwájú yẹn náà ni kíńpìnnì. Ara rẹ̀ ni táyà so mọ́, òun ló ń yí bí ẹ bá yí sítíárìn. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, kò lè ṣe kí táyà má jẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọkọ̀ ṣófo, kí bọ́dì ẹ̀yìn má wà lókè, kí a fi nǹkan há táyà. Ọ̀tún àti òsì la ó jọ ṣe, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. A ó tú gáàsì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ẹni ò gbọdọ̀ wà lọ́gangan ẹnu fáàfù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, torí pé ó máa sọ̀kalẹ̀. Tó bá ti jókòó tán, a ó fa epo sí i títí tí èyí tó ń jáde kò fi ní ní ìfófòó nínú mọ́. Epo ló máa kọ́kọ́ gbé e dé gíga tí ìwé ọkọ̀ kọ, lẹ́yìn náà ni náítírójìn á wá gbé e dé gíga kejì. Irin kúróòmù tó yọ síta ni à ń fi tépù wọ̀n. Géèjì nìkan ò tó, torí pé sílì máa ń di irin mú, nọ́ńbà tí géèjì ń sọ ò ní jẹ́ òótọ́. Ẹ wà á lọ síwájú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọra dúró, ẹ tún un wọ̀n. Tí wọn ò bá ṣe é báyìí, ṣọ́ọ̀kì tuntun náà á tẹ̀.

Bàbá Kúárì
Gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ìwé ò bá sí, ẹ ò lè ṣiṣẹ́. Láyé tiwa, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ la fi ń gbá afẹ́fẹ́ sí i, ọkọ̀ á sì ṣiṣẹ́. Ṣebí nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 78 nínú 100 náítírójìn náà ni? Kí ni wọ́n ń ra gáàsì olówó ńlá fún?

Mẹkáníìkì Ṣágámù
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìdá 21 ńkọ́? Ọ́síjìn nìyẹn. Omi tún wà nínú afẹ́fẹ́, ó máa ń jẹ́ kí inú ṣọ́ọ̀kì dípẹtà. Yàtọ̀ síyẹn, agbára tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọ́gánáísà fi ń ti afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju báà 10 lọ, kò lè gbé iwájú 773 nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ka ibí yìí lọ dán an wò.

Bàbá Kúárì
Mo ní a ṣe é. Kò sí èyí tó bú.

Ìyá Tẹ́ní
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú ìṣòro.

Kàmórù Wẹ́dà
Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi Ẹ̀gbọ́n. Gáàsì wo ni ọkùnrin yẹn gbá sí i? Wẹ́dà ni mí ní Ìta Ọ̀ṣìn, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ti wá bá mi pé kí n yá wọn ní ìgò.

Láńre Dọ́ńpà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kú àlàyé, mo ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rí tó máa ṣe gbogbo ìyẹn? Àwọn tó ń ta ọkọ̀ yìí ní Èkó, owó ìrìnnà wọn nìkan lè ra ẹ́ńjìnnì Kòróòlà. Máníjà yìí tún pè mí láàárọ̀, ó ń pariwo mọ́ mi bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún!

Kàmórù Wẹ́dà
Ẹ̀gbọ́n, gáàsì wo ni?

Láńre Dọ́ńpà
Gáàsì ni. Ìgò dúdú gígùn. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó wà lẹ́nu géètì kúárì ló ti gbé e, torí pé àwọn tó ń ta náítírójìn ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí tiwọn tó dé, máníjà ò sì ní dúró de ìyẹn. Kì í ṣe ti kábáìdì o, mo bi í léèrè. Ó ní gáàsì kan ò yàtọ̀ sí èkejì, ohun tó bá ti lè gbé ọkọ̀ sókè ni. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ẹni tó ní òun mọṣẹ́ ni mo sanwó fún.

Kàmórù Wẹ́dà
Háà! Ọ́síjìn ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Tarkwa
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ táyà àti máníjà. Níbo ni ọkọ̀ yẹn wà báyìí? Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ pe awakọ̀ yín nísinsìnyí kó dá a dúró síbi tó wà, kó pa á, kó bọ́ sílẹ̀, kó jìnnà sí i. Ọ́síjìn àti epo kò gbọdọ̀ pàdé níbi tí agbára ti há wọn mọ́. Ó lè bú gbàmù láìsí iná, láìsí sìgá. Irin tó nípọn báyẹn á wá di ọta ìbọn.

Mẹkáníìkì Ṣágámù
Ẹ dúró ná. Ó ní ìgò dúdú. Ṣé kì í ṣe náítírójìn ló ní dúdú? Èyí tí mo rí ní Apápá, èjìká rẹ̀ dúdú.

Kàmórù Wẹ́dà
Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn, Ọ̀gá mi. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kun ìgò tẹ́lẹ̀, ọ́síjìn ni dúdú láti òkè dé ilẹ̀, náítírójìn jẹ́ àwọ̀ eérú, ọrùn rẹ̀ ló dúdú. Nínú ètò tuntun ti ilẹ̀ Yúróòpù, èjìká funfun ni ọ́síjìn, èjìká dúdú ni náítírójìn. Irú méjèèjì ló wà lọ́jà wa. Ẹ má wo ọ̀dà, lébẹ̀ẹ̀lì ni kí ẹ kà. Ẹnu ìgò ò sì lè gbà yín sílẹ̀: nínú ìgò irú ti Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnu ọ́síjìn ṣe rí ni ti náítírójìn rí, ohun tó bá wọ ọ̀kan á wọ èkejì. Ti Amẹ́ríkà ló yàtọ̀ síra. Gáàsì kábáìdì àti ọ́síjìn la jọ ń lò láti jó irin. Ìgò tó bá ti ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ń lo kábáìdì wá, tí kì í ṣe gáàsì kábáìdì, ọ́síjìn ni. Kí la tún fẹ́ fi ṣe?

Láńre Dọ́ńpà
Ẹ má dẹ́rù bà mí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá máa bú, ṣé kò bá ti bú?

Bàbá Kúárì
Láńre, gbọ́ tèmi. Mo ní a ti fi afẹ́fẹ́ ṣe é rí, mi ò ní ọ́síjìn. Mi ò ní jókòó sórí ọkọ̀ yẹn láé. Dá a dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Tarkwa
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ́ńjìnnì dísù yín. Kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń tanná. Písítìnnì ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́ títí ó fi gbóná, tí dísù bá kàn án, ó gbiná. Afẹ́fẹ́ tó ní ìdá 21 ọ́síjìn péré nìyẹn o. Nínú ṣọ́ọ̀kì yín, ọ́síjìn pọ́ńbélé ló wà pẹ̀lú epo, bí táyà bá sì ti kan kòtò, ṣọ́ọ̀kì ń há a mọ́. Ẹ ní ọkọ̀ ń fò, ẹ ní ó ń rì. Gbogbo rẹ̀ ló ń há a mọ́ sí i. Kò bú lánàá kò ní kó má bú lónìí.

Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹn fọwọ́ kan fáàfù. Ẹ má ṣe jó irin kankan lára ọkọ̀ náà, ẹ má lọ irin nítòsí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀. Ẹ fi okùn yí i ká. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ yìí lẹ ó pè, ẹ sọ fún wọn tààrà pé ọ́síjìn ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa tú u sílẹ̀ níta gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tú ṣọ́ọ̀kì palẹ̀, wọ́n á da epo yẹn nù, wọ́n á fọ inú rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ gbogbo sílì, kí wọ́n tó fi epo tuntun àti náítírójìn sí i, ọ̀tún àti òsì. Mo mọ̀ pé owó ni. Àbúrò ìyàwó yín ló wà lórí ìjókòó yẹn.

Láńre Dọ́ńpà
Mo ti pè é. Ó ti pa á, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ó ní máníjà ń bínú, mo ní kó má dá a lóhùn. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Èkó, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ ránṣẹ́.

Mẹkáníìkì Ṣágámù
Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, dọ́ńpà kejì ńkọ́? Ọkùnrin yìí náà ló ń tọ́jú ìyẹn?

Láńre Dọ́ńpà
Òun náà ni. Ó fi díẹ̀ kún ti ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó ní ìgò náà ò tíì tán, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ń ru òkúta lọ́wọ́ báyìí. Mo ń pe awakọ̀ rẹ̀, kò gbé e.

Kàmórù Wẹ́dà
Ẹ pe máníjà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún un pé kó dá gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà yẹn dúró. Kúárì yẹn ò jìnnà sí mi, mo ti wà lórí ọ̀kadà.

Láńre Dọ́ńpà
Máníjà gbé e. Wọ́n ti dá a dúró níbi tó ti ń já òkúta, awakọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Èmi náà ti ń lọ síbẹ̀.