Gáàsì wa ò pé oṣù mọ́, kí lẹ̀ ń ṣe nílé yín?

Ìyá Ìbejì Lágéré:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èèyàn 6 la wà nínú ilé, Lágéré n'Ílé-Ifẹ̀ níbí là ń gbé, sílíńdà 12.5 kílò la sì ń lò, tẹ́lẹ̀ ó máa ń lé lóṣù kan dáadáa kó tó tán, ní báyìí ọ̀sẹ̀ 3 ló ń lò, oúnjẹ tá à ń sè ò sì yí padà. Tiná mànàmáná náà tún wà ńbẹ̀, màá ra káàdì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó di Fúráídè mítà ti ń ké. Bàbá wọn ní ká kúkú padà sí èédú. Ọkàn mi ò gbà á, torí èéfín ẹ̀ kì í jẹ́ kí àbúrò àwọn ìbejì mí dáadáa, igi tí wọ́n sì ń gé tórí èédú ti pọ̀ jù lójú mi. Kí lẹ̀ ń ṣe tówó fi ń dúró lọ́wọ́ yín?

Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ ilé mà. Kẹ́ ẹ tó dín ohunkóhun kù, ẹ yẹ sílíńdà yẹn wò ná, torí bóúnjẹ ò bá yí padà tí gáàsì wá ń yára tán, àfàìmọ̀ kó má máa jò. Ohun tó ṣe wá n'Ísọ̀kùn lọ́dún tó kọjá nìyẹn, a ti ń bínú sẹ́ni tó ń tà á fún wa pé kì í wọ̀n ọ́n pé, àṣé rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu régúlétọ̀ ló ti gbẹ tó sì ti là. Ẹ po ọṣẹ mọ́mi kó hó dáadáa, ẹ fi kànìnkànìn pa á sẹ́nu sílíńdà, ẹ pa á lọ lára ọ̀nà rọ́bà títí dé ìdí sítóòfù, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìfófòó tó ń wú tó ń bẹ́, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ ṣílẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ o, ẹ má sì fi ìṣáná wò ó láéláé! Bí iná ẹ̀ bá tún ń pọ́n bíi ti àtùpà tó ń kun ìdí ìkòkò dúdú, ihò orí sítóòfù ló dí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a.

Ìyá Olóúnjẹ Sábó:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Òṣómàáló. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀wà torí ibẹ̀ ni gáàsì ń bá lọ jù. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi lálẹ́ kí n tó sùn, láàárọ̀ màá da omi ẹ̀ sídìí ewédú ẹ̀yìnkùlé, màá fomi tuntun gbé e kaná, tó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú 20 màá paná. Mo ní apẹ̀rẹ̀ ńlá kan tí mo tẹ́ àkísà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí nínú, màá gbé ìkòkò náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí ẹ̀ tó dé pinpin, màá wé e bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ tuntun. Tó bá fi máa tó wákàtí 2, tẹ́ ẹ bá mú hóró kan tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán, ooru sì máa gbá yín lójú bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣí i. Màá wá dá a padà sórí iná kó hó dáadáa, kí n da epo àti ata sí i. Ìrẹsì náà, tómi ẹ̀ bá ti ku díẹ̀ ẹ paná, ẹ má ṣí ọmọrí, á fa èyí tó kù mu.

Wáyà Mọ́dákẹ́kẹ́:
Mà, iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n dá sí ti mítà. Nǹkan tó bá ń jẹ 1000 wáàtì, yúníìtì 1 ló ń jẹ ní wákàtí 1. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì, tẹ́ ẹ bá ń tàn án fún wákàtí 6 lójúmọ́, á jẹ tó yúníìtì 11 lóṣù, gílóòbù ìgbàlódé LED 9 wáàtì ò ní jẹ tó 2. Mo sì máa ń bá gílóòbù àtijọ́ yìí 4 tàbí 5 nínú ilé kan, èyí tí wọ́n ń gbàgbé síta tílẹ̀ fi ń mọ́ ló burú jù. Ẹ kó aṣọ jọ kẹ́ ẹ lọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí kálukú máa ki áyọ́ọ̀nù bọná láràárọ̀. Ti fíríìjì, ẹ fi owó náírà kan sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ bá fà á tó yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti dẹ̀, òtútù ń jáde, ìyẹn ń jẹ káàdì yín tọ̀sán-tòru.

Ará Ìlódè:
Omi òjò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù ná, lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ bò ó kẹ́fọn má yé sí i. Òun la fi ń fọṣọ, omi ìfọṣọ la sì ń dà sí ṣáláńgá, a kì í fi bẹ́ẹ̀ tan ẹ̀rọ tó ń fami nílé wa látìgbà òjò.

Ìyá Ìbejì Lágéré:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á máa bù kún yín. Mo ti pa ọṣẹ sí i. Ẹnu sílíńdà ò ṣe nǹkan kan, ìdí sítóòfù níbi tí wọ́n ti fi irin de rọ́bà mọ́ ọn ló ń hó pèkúpèkú. A ti ti sílíńdà pa, ẹni tó máa pààrọ̀ rọ́bà ń bọ̀ lọ́la. Bàbá wọn dúró tì mí, ó rí i, kò sọ̀rọ̀ èédú mọ́. Ẹ̀wà ti wà nínú omi.