"Awọ omi" kọ́, "ìfàle ojú omi" ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ti ka gbogbo àbá tí a kó jọ lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi kọ́ ọmọ nípa ìwà omi. Méjì wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbà kọjá láìsọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní kí a máa pe agbára tó ń jẹ́ kí kòkòrò fẹsẹ̀ rìn lórí omi láìrì ní "awọ omi". Èkejì ní "ìlẹ̀mọ́" nìkan ti tó, yálà omi ló so mọ́ omi tàbí omi ló so mọ́ nǹkan mìíràn.

Mo mọ ìdí tí "awọ omi" fi wu ènìyàn. Ó rọrùn lẹ́nu, ojú sì fẹ́ẹ̀ rí i: bí a bá rọra gbé abẹ́rẹ́ lé omi, ibi tó dùbúlẹ̀ sí á tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ jẹ́ ohun kan, ohun tí awọ bò jẹ́ òmíràn. A lè bó awọ. Ta ni yóò bó ti omi? Ẹ bu ti òkè kúrò, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló di ojú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, agbára yẹn kò sì ní dín.

Ọ́síjìn kan àti háídírójìn méjì ló para pọ̀ di mólékù omi, ìyẹn ẹyọ omi tó kéré jù lọ, wọn kò sì tò gbọọrọ. Wọ́n tẹ̀ ní igun tó tó ìwọ̀n 104.5. Ọ́síjìn ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíńtín tó ní iná òdì, sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ju háídírójìn lọ, nítorí náà ìhà ọ́síjìn mólékù kan a máa fa ìhà háídírójìn mólékù mìíràn mọ́ra. Mólékù tó wà láàárín omi ní aládùúgbò yí ká, tòkè tìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fà á. Èyí tó wà lójú omi kò ní ẹni tí yóò fà á lókè. Ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń fà á, ni ojú omi bá le bí okùn tí a fà. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìfàle ojú omi". Fífà wà nínú rẹ̀, líle wà nínú rẹ̀, "ojú omi" sì ti wà lẹ́nu wa kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sáyẹ́ǹsì.

Ohun tó mú mi takú jù ni ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ní awọ gidi, awọ tín-ín-rín tí ọ́síjìn ń gbà kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tún wà lórí awọ náà nínú lọ́hùn-ún. Ìfàle omi yìí fẹ́ fa àpò náà pa dé, ara sì ń ṣe èròjà ọlọ́ràá kan tó ń dẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù lè má tíì ní èròjà náà tó, mímí á wá ṣòro fún un, àwọn dókítà á sì fi èròjà náà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "awọ omi" kọ àlàyé yìí wò. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó bá kà á, awọ wo ni yóò rò pé èròjà náà ń dẹ̀?

Ní ti "ìlẹ̀mọ́", èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà. Ọmọ méjì dì mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ti omi sí omi jẹ́ "ìdìmọ́ra", kí ti omi sí gíláàsì jẹ́ "ìlẹ̀mọ́". Bí a bá da mẹ́kúrì sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ á wú sókè, nítorí ìdìmọ́ra rẹ̀ borí ìlẹ̀mọ́ rẹ̀. Ti omi, etí rẹ̀ ló ń gun ògiri gíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ ìyẹn. Ẹ tún wo igi. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti òkè kò lè fà á kọjá nǹkan bíi mítà 10, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti omi láti ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ níbẹ̀. Síbẹ̀ igi redwood kan wà ní California tó ga ju mítà 110 lọ, omi sì ń dé ewé orí rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Dixon àti Joly, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1894: bí omi ṣe ń gbẹ lára ewé, ó ń fa èyí tó tẹ̀ lé e, ìdìmọ́ra kò sì jẹ́ kí okùn omi náà já.

Mo fara mọ́ ẹni tó ní kí a ya "yọ́" kúrò lára "yòrò". Yìnyín yọ́, ìda yọ́. Iyọ̀ yòrò nínú omi. Àwọn kan ń sọ pé yìnyín yòrò, mi ò sì ní pe ìyẹn ní àṣìṣe lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n nínú ìwé sáyẹ́ǹsì yóò da nǹkan rú. Iyọ̀ náà lè yọ́: iná tó tó ìwọ̀n 801 ti Celsius ló ń yọ́ ọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ni ọ̀rọ̀ fún bí nǹkan ṣe wúwo tó sí àyè tó gbà. Omi wúwo sí àyè rẹ̀ jù ní ìwọ̀n 4 ti Celsius. Bó bá di yìnyín, á fẹ̀, á léfòó, ẹja á sì wà láàyè lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti dábàá "kíki". Òróró ki ju omi lọ, bẹ́ẹ̀ òróró ló ń léfòó.