Ohùn ń fọ́ nínú hẹ́dífóònù bàbá mi: op-amp wo ni kí n lò?

Ọmọ Ìṣọkùn, Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Etí bàbá mi ti ń wúwo, wọn kì í sì í fẹ́ pàdánù ìròyìn àárọ̀ lórí Orísun FM. Bí wọ́n bá yí rédíò sókè tó bí wọ́n ṣe fẹ́, gbogbo ilé ló ń jí. Ni mo bá ṣe ampilifáyà kékeré kan fún wọn. TL072 ni mo lò, ìyẹn áísì op-amp (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ohùn di ńlá), bátìrì 12 fóòtì ló ń gbé e. Tí mo bá so ó mọ́ ampilifáyà ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n tí mo bá ki hẹ́dífóònù 32 ohm bọ̀ ọ́, kò tíì ròkè tán tó ti ń fọ́, oníròyìn á sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Mo so etí méjèèjì pọ̀ sójú kan, torí ohùn kan ṣoṣo ni rédíò náà ní. Kàpásítọ̀ 10 µF ló wà níbi tí ohùn ti ń jáde. Áísì wo ni kí n fi pààrọ̀ rẹ̀?

Ayọ̀ Rédíò:
NE5532, àbúrò. Òun ni gbogbo wa ń lò.

Alátùn-únṣe Lágéré, Ifẹ̀:
Àbúrò, má tíì lọ sọ́jà. Ṣírò ná. Etí méjì tó o so pọ̀ yẹn kì í ṣe 32 ohm mọ́, 16 ni. Bí ohm bá ṣe ń kéré sí ni ẹrù (ìyẹn kọ́rẹ́ǹtì tí hẹ́dífóònù ń bèèrè) ń wúwo sí. Ká ní 0.5 fóòtì rms (irú ìwọ̀n àárín kan) ni bàbá nílò, ṣóńṣó rẹ̀ á tó 0.7. Pín in sí 16: 44 mA (mílíámpíà, ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì). TL072 kò lágbára ìyẹn rárá. Nínú ìwé àlàyé rẹ̀, 2,000 ohm ni ẹrù tó wúwo jù tí wọ́n fi dán an wò. Tìrẹ wúwo ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 125! Ampilifáyà ńlá tó o so ó mọ́ kì í gba kọ́rẹ́ǹtì tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ohùn fi mọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n op-amp méjì ló wà nínú áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, ọ̀kan lo sì ń lò. Fi ohùn kan náà bọ èkejì, kó máa gbé etí kejì. Kálukú wọn á wá máa gbé 32 ohm tirẹ̀, 22 mA péré. NE5532 á gbé ìyẹn, ó máa ń dé nǹkan bí 38 mA kó tó káwọ́ kò. Tó o bá rí NJM4556A, òun ni kó o mú: 70 mA. Ẹsẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, yọ ọ̀kan, ki òmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mayfair:
Ẹ̀gbọ́n, LM358 ńkọ́? Ó pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Alátùn-únṣe Lágéré, Ifẹ̀:
Má fi sí i. Inú rẹ̀, trànsístọ̀ tó ń ti ohùn àti èyí tó ń fà á kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní wẹ́rẹ́, àlàfo máa ń wà láàárín. Ohùn á máa họ, pàápàá tó o bá yí i sílẹ̀. LM386 náà, sípíkà 8 ohm ló yẹ ẹ́. Ìlọ́po 20 ló kéré jù tó ń sọ ohùn di, ariwo shíì rẹ̀ á máa wọ bàbá létí.

Ìyá Onítẹlifíṣọ̀n, Iléṣà:
Ẹ ò tíì dá ọmọ yìí lóhùn lórí ọ̀rọ̀ agolo. Kàpásítọ̀ ni! 10 µF pẹ̀lú 16 ohm, gbogbo ohùn tó wà lábẹ́ 1,000 Hz ló ń jẹ, ibẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin wà. Fi 470 µF sí etí kọ̀ọ̀kan, á sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 11 Hz. Ọmọ mi, bó o bá fi rísítọ̀ 1 megohm síbi tí ohùn ti ń wọlé, TL072 lè fara dà á, NE5532 kò lè fara dà á. Ó máa ń fa nǹkan bí 200 nA (kọ́rẹ́ǹtì kíún) níbẹ̀, ìyẹn á di 0.2 fóòtì. Sọ ọ́ di 100k ohm. Lẹ kàpásítọ̀ 100 nF mọ́ ẹsẹ̀ iná áísì náà pẹ́kípẹ́kí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ áísì á máa gbọ̀n lábẹ́lẹ̀, ooru ara rẹ̀ nìkan lo máa fi mọ̀. Ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà, èyí tí owó rẹ̀ bá ti kéré jù, fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìmọ́:
Ẹ jọ̀wọ́, kí bàbá kọ́kọ́ lọ fi etí han dókítà ní Wesley Guild. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí tó dì sínú etí ni.

Ọmọ Ìṣọkùn, Iléṣà:
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. N ò rí NJM4556A ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, mo yọ NE5532 lára míkísà àtijọ́ kan. Kí n tó pààrọ̀ áísì, mo kọ́kọ́ pín etí méjèèjì, mo sì fi 470 sí i. Agolo lọ, fífọ́ dín kù, kò tán. Ìgbà tí mo ki NE5532 bọ̀ ọ́ ló tán. Màmá, 1 megohm ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́rú la ń lọ Wesley Guild. Láàárọ̀ yìí, bí ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀, bàbá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní kí n dín in kù.