Ọmọ kan ní ayé ti sú òun: ta ni kí n sọ fún?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa ọ̀dọ́ kan ní Kubwa, l'Abuja, máa ń yọ̀ǹda ara wa láti fetí sí àwọn ọmọ girama tí ìdààmú ọkàn ń bá. Ọ̀kan sọ fún mi pé ayé ti sú òun pátápátá, mi ò sì gbọdọ̀ sọ fún ìyá òun. Orí òkè àdúrà ni mámà yẹn máa gbé e lọ, mo mọ̀ wọ́n. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí kí ọlọ́pàá má lọ mú ọmọ náà pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Mi ò ṣáà lè dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ta lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ fún, olùkọ́ ni àbí òbí? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọmọ náà ò fi ní sá fún yín?