Ẹni tó ń gun máṣíìnì ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀?

Àyìnlá_Pánsẹ́kẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti bọ̀dá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò sì tíì tán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ilé bọ́ọ̀lù kan wà ládùúgbò wa ní Pánsẹ́kẹ̀ níbí, tí kò bá sí bọ́ọ̀lù gidi wọ́n máa ń fi MotoGP, ìdíje eré máṣíìnì tó ga jù lágbàáyé, hàn wá, ibẹ̀ la jókòó sí tí bọ̀dá mi fi la ẹnu pé àwọn tó ń sáré yẹn ò ṣe nǹkan kan, kọ̀ǹpútà ló ń gun máṣíìnì, àwọn kàn gun ẹ̀yìn ẹ̀ bí èrò ọ̀kadà ni. Ó ní tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ fún òun, òun náà á sáré yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́fà, mo mọ ohun tí ojú ń rí lórí táyà méjì.

Bajaj tí mò ń gùn yìí ò ní nǹkan kan, kéébù ló ń fa bíréèkì iwájú, ọwọ́ mi àti Ọlọ́run ló kù. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mò ń bọ̀ láti Ìbarà, mo já sí kọ́nà kan tí àgbàrá ti gbá yanrìn lé títì, bí mo ṣe ní kí n fi iná díẹ̀ sí i báyìí, ẹ̀yìn yọ̀ lọ sápá òsì gbìrì, èrò tó wà lẹ́yìn mi pariwo “Jésù!”, ó sì gbá èjìká mi mú. Mi ò pa iná yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, mo kàn ń dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà fi di ilẹ̀ mú, a sì lọ. Bàtà mi já. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níyẹn, ara mi ló mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè mi nìyí: kí gan-an ni kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe nínú máṣíìnì wọn? Ṣé lóòótọ́ ló ń ṣe ohun tí ọwọ́ mi ṣe lọ́jọ́ yẹn? Tó bá ń ṣe é, kí ló wá kù fún ẹni tó ń gùn ún? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dá mi lóhùn.

Mẹkáníìkì_Láfẹ́nwá:

Àyìnlá, o kú ewu o, ọ̀rọ̀ kọ́nà yẹn kì í ṣe kékeré.

Tìrẹ, tí o bá fọwọ́ yí tọ́rọ́tù, kéébù ló máa fa kabúrétọ̀, bí o ṣe yí i náà ló ṣe máa ṣí. Tiwọn, kò sí kéébù tó lọ tààrà. Ọwọ́ wọn kàn ń bẹ kọ̀ǹpútà ni, kọ̀ǹpútà ló máa pinnu bó ṣe máa ṣí tó. Ṣẹ́ńsọ̀ wà lára wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn tó ń ka bí wọ́n ṣe ń yí, òmíràn tún wà nínú máṣíìnì tó mọ bó ṣe dẹ̀gbẹ́ tó nínú kọ́nà. Tí ẹ̀yìn bá ti ń yí ju iwájú lọ, kọ̀ǹpútà á gé agbára ẹ́ńjìnnì kù kí táyà tó yọ̀ pátápátá, kíákíá ju bí ojú ṣe ń ṣẹ́ lọ. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní traction control. Èyí tí kì í jẹ́ kí iwájú gbéra sókè wà, èyí tó ń bá wọn gbéra níbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ wà, èyí tó ń mójú tó ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá dá iná padà náà wà.

Àmọ́ sọ èyí fún bọ̀dá ẹ: kò sí ABS, nǹkan tí kì í jẹ́ kí táyà há tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, lára máṣíìnì MotoGP, òfin ò gbà á. Máṣíìnì yẹn ń sá ju 350 km lọ ní wákàtí kan, Brad Binder, ọ̀kan nínú wọn, sá 366.1 ní pápá eré Mugello lọ́dún 2023, láti orí irú eré yẹn, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì iwájú wọ kọ́nà. Tí iwájú bá há, ilẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ò lè gbà wọ́n níbẹ̀.

Láti 2016 kọ̀ǹpútà kan náà, ti Magneti Marelli, àti sọ́fúwíà kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Kó tó dìgbà yẹn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń kọ sọ́fúwíà tara wọn, ẹni tó lówó ló ń jẹ̀gbádùn. Lọ́dún 2016 yẹn gan-an, ẹni mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gba ipò kìíní nínú eré. Mi ò ní gbé gbogbo ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà o, torí ọdún yẹn náà ni Michelin gba iṣẹ́ táyà lọ́wọ́ Bridgestone, nǹkan sì dàrú fún gbogbo wọn.

Bàbá_Aké:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ohun tí ẹ kọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ bọ̀dá Àyìnlá ò jìnnà sí òótọ́ lójú tèmi. Ẹ̀yin ò rí ayé 500cc, ìyẹn ìdíje tó wà kó tó di MotoGP. Mo rí i lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò nígbà tí mo ṣì ní agbára. Ẹ́ńjìnnì onítú-sítúrókù ni, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún bíi ti Suzuki àtijọ́ tí àwa náà gùn nílùú yìí. Agbára ẹ̀ kì í wá díẹ̀díẹ̀, á sùn, á sùn, lójijì ló máa jí. Tó bá jí nínú kọ́nà, táyà ẹ̀yìn á yọ̀, tí o bá ṣèèṣì bẹ̀rù tí o pa iná lójijì bí Àyìnlá ò ṣe pa tiẹ̀ yẹn, táyà á di ilẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan, á sì jù ẹ́ sókè bí ẹṣin tó ya wèrè. Eegun ẹni mélòó ló lọ síbẹ̀! Wayne Rainey tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, pápá eré Misano ló ṣubú sí lọ́dún 1993, kò fẹsẹ̀ rìn mọ́ di òní. Mick Doohan ṣèṣe ní Assen lọ́dún 1992, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀, nígbà tó padà dé ẹsẹ̀ yẹn ò ṣeé fi tẹ bíréèkì ẹ̀yìn bó ṣe yẹ, wọ́n bá ṣe bíréèkì sí ọwọ́ òsì fún un tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ọkùnrin yẹn sì gba ife láti 1994 dé 1998 láìjẹ́ kí ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọwọ́ àti ọkàn nìyẹn. Tí mo bá ń wo ti ìsinsìnyí, máṣíìnì kì í yọ̀, gbogbo ẹ̀ dán, ó ń dùn mí.

Dísípáàṣì_Ọbáńtokò:

Bàbá, ẹ kú àlàyé, mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tí mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà tiyín díẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ò bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 1992 tí ẹ sọ yẹn, Honda tún bí epo ṣe ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì NSR500, máṣíìnì 500cc wọn, ṣe, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ń gbiná súnmọ́ra wọn kí táyà lè rí àyè sinmi kó sì di ilẹ̀ mú. Irin ni wọ́n fi ṣe tìgbà yẹn, wáyà ni wọ́n fi ń ṣe tìsinsìnyí, ohun kan náà ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wá mú Casey Stoner. Lọ́dún 2007 ó gun Ducati, nínú eré méjìdínlógún ó gba mẹ́wàá, ó sì gba ife. Ohun tí bọ̀dá Àyìnlá ń sọ yìí gan-an ni gbogbo ayé sọ nígbà náà, pé kọ̀ǹpútà Ducati ló ń gbé e. Ó dára. Ó lọ sí Honda lọ́dún 2011, ó gba ife lọ́dún yẹn náà. Ta ló wá bọ́ sórí Ducati? Valentino Rossi fúnra ẹ̀, tó ti gba ife lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ó lo 2011, ó lo 2012, kò gba eré kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ kan náà o, ibi tí Stoner ti gba eré mẹ́ta ní 2010. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń gùn ún, kí ló dé tí kò gùn ún fún Rossi?

Ẹ tún wo Marc Marquez ní Jerez lọ́dún 2020, gbogbo ṣẹ́ńsọ̀ tí bọ̀dá Mẹkáníìkì kà yẹn ló wà lára máṣíìnì ẹ̀, ó sì ju ú sókè, eegun apá ọ̀tún kán, kò díje mọ́ títí ọdún fi parí. Ọdún 2025 ló tó tún gba ife. Moto2 tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gòkè wá sì ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì Triumph 765 ni gbogbo wọn ń lò láti 2019, kò sí traction control níbẹ̀, ọwọ́ lásán ni, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n níbẹ̀ náà ló ń dé òkè.

Ohun tí mo rò ni pé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé táyà ti ń yọ̀, kò mọ ibi tó yẹ kí o ti tẹ bíréèkì. Tó bá ń gé agbára ẹ ní gbogbo kọ́nà, ẹni tí kì í gé tiẹ̀ á ti lọ. Èyí tó mọ̀ ọ́n nínú wọn á tètè gbé máṣíìnì dúró kí ibi tó gbòòrò lára táyà lè kan ilẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì dákẹ́. Bí mo ṣe rí i lójú títì Àsẹ̀rọ̀ náà nìyẹn tí mo bá gbé ẹrù: tí mo bá fi iná sí i nígbà tí máṣíìnì ṣì dẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn á máa gbọ̀n lábẹ́ ìdí mi, tí mo bá ní sùúrù kó nàró tán, ó ń lọ gbọnrangandan ni.

Bàbá_Aké:

Ọmọ mi obìnrin, ọ̀rọ̀ Rossi yẹn wọ̀ mí létí. Mo gbà. Èyí tí mi ò ní gbà láéláé ni nǹkan tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀yìn máṣíìnì sílẹ̀ tó bá ń jáde nínú kọ́nà kí iwájú má baà gbéra. Inú mi dùn pé wọ́n ti fòfin dè é láti 2027, tí ẹ́ńjìnnì á sì wálẹ̀ sí 850cc.

Àyìnlá_Pánsẹ́kẹ̀:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, bàbá àti ẹ̀yin tó kù. Mo ka ti Stoner àti Rossi fún bọ̀dá mi lálẹ́ àná nígbà tó ń jẹ ẹ̀bà, ó dá òkèlè dúró lọ́wọ́, ó ní “Rossi yìí náà?” Mo ní Rossi yìí náà. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ní ká jọ wo eré tó ń bọ̀.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ bíréèkì iwájú tí ẹ sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Tèmi, tí mo bá fà á ó máa ń wọlé tán pátápátá kó tó di nǹkan mú. Ṣé kéébù ni àbí ṣúù?

Mẹkáníìkì_Láfẹ́nwá:

Ó lè jẹ́ méjèèjì. Gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la kí oòrùn tó mú, kí a tú wíìlì yẹn wò. Má sì gbé èrò wá o.