Ìyà ń jẹ oníṣakabùlà nínú eré ogun wa
Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Iléṣà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dán òfin ìjà wò nínú eré orí tábìlì tí a gbé ka Ogun Kírìjì, èyí tó parí ní 1893. Ẹni tó bá yin ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ti ẹnu rẹ̀ ki ọta sí, yóò pàdánù ìgbà mẹ́ta tó yẹ kó ṣeré kó tó lè tún un kì, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìbọn tí à ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí kì í dúró rárá. Òótọ́ ìtàn ni, nítorí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ran Èkìtìparapọ̀, àwọn tó bá Ìbàdàn jà, lọ́wọ́ gan-an. Síbẹ̀, lálẹ́ àná, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe jagunjagun Ìbàdàn ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì jókòó tó ń jẹ ẹ̀pà (ẹ̀pà tèmi ni o) títí a fi pa á. Ṣé kí n dín ìdúró náà kù ni, àbí kí n jẹ́ kó lè sá pamọ́ bó ṣe ń ki ìbọn lọ́wọ́?